Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìyá Aláta Wà Nínú Ìdánwò WAEC!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Lákọ̀wé, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ojú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ gbọ́ ná o! Orúkọ ìlú yín gan-an fẹ́ jọ ti akọ̀wé. Kí ló dé tí ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bà yín? Yunifásítì ń bèèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ka "simile, metaphor" nídìí ìsọ̀, ìyá rẹ̀ a ní, "Èmi ò gbọ́ Òyìnbó, kí ni mo fẹ́ bá a sọ?"

Irọ́ ni o! Ohun tí ọmọ ń há sórí, ẹnu yín ló ti ń jáde láràárọ̀.

"Ata yìí gbóná bí iná." Ẹ rí "bí" yẹn? Òun ló fi ata wé iná, simile nìyẹn. Bí ìyá aláta bá yọ "bí" kúrò, tó ní "Iná ni ata yìí," ó ti di metaphor. "Ebi ń fà mí láṣọ": ebi kò lọ́wọ́, ẹ ti sọ ọ́ di ènìyàn, personification nìyẹn. "Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti kìlọ̀ fún ẹ!" Ta ló kà á? Àsọdùn ni, hyperbole. Irony ló ń da àwọn ọmọ láàmú jù, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n lò dáadáa: ọmọ iṣẹ́ dé ní aago méjìlá ọ̀sán, ọ̀gá ní, "Káàbọ̀ o, o mà tètè dé!"

WAEC a máa fa gbólóhùn kan yọ nínú àyọkà, wọn a bi ọmọ pé irú ọnà èdè wo nìyí, kí ló sì túmọ̀ sí. Ẹni tó há orúkọ nìkan, ibẹ̀ ló ti ń ṣubú.

Àròkọ ń kọ́? Máàkì 50 ni: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí èdè ṣe dán mọ́rán sí, 10 fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ ààbọ̀ máàkì. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣírò èrè: àṣìṣe 20, gbogbo 10 yẹn ti wọ gbèsè! Kí ọmọ yáa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ láti tún iṣẹ́ rẹ̀ kà.

Bí wọ́n bá ní kó kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, àdírẹ́sì méjì ni, "Yours faithfully" ni ìparí, kó buwọ́ lù ú, kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ti bàbá ẹni, àdírẹ́sì kan péré. Ta ló sì mọ ọ̀nà tó ń jẹ táyà ju fọkanáísà lọ? Kí ọmọ jókòó tì í, kó bèèrè.

Ìyá tó ti ọjà dé, tó fi gbólóhùn kan ròyìn ìjà wákàtí méjì, ó ti ṣe summary: gbólóhùn kíkún kan fún kókó kan, láìda ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ.

Irú "o mà tètè dé" yẹn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa.