Yakubu Gowon àti Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Yakubu Gowon, ọmọ ajíhìnrere tó dàgbà ní Wusasa lẹ́bàá Zaria, kò tíì pé ọmọ ọdún 32 nígbà tó di olórí ìjọba ológun ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1966. Ìpàdé Aburi ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 kò parí aáwọ̀ òun àti Ojukwu, nítorí kálukú ló túmọ̀ àdéhùn náà bó ṣe wù ú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Gowon pín ẹkùn mẹ́rin orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12. Ọgbọ́n ìṣèlú tó jinlẹ̀ ni, kí ìbọn tó dún rárá: àwọn ẹ̀yà kéékèèké ìlà-oòrùn rí ìpínlẹ̀ tiwọn lábẹ́ Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ojukwu kéde Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Kò sì sí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ogun fún àwọn aṣáájú Biafra. Síbẹ̀, 20 pọ́n-ùn péré ni ọ̀pọ̀ wọn rí gbà ní báńkì, iye yòówù tí wọn ìbáà ti fi pamọ́ síbẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ àti ìṣe ti yapa.

Ọdún 1973 ni ìjọba rẹ̀ dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala ló wà nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975. Ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì padà di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Warwick, níbi tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé.