Nígbà Tí Ìbọn Bá Kọ̀ Tí Kò Dún

Ẹ̀yin ará wa ní Mile 3 àti ní gbogbo Diobu! Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sílé fún ọdún, fún ìsìnkú àti fún ìṣípà ọdẹ. Nígbà tí a bá débẹ̀, ọmọ tí a bí sí ìhín, tí kò bá bàbá rẹ̀ wọ igbó rí, ni wọn yóò gbé ìbọn olóògbé lé lọ́wọ́ pé kí ó yìn ín. Òun ni a ń bá sọ̀rọ̀, àti ìyá rẹ̀ àti aya rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbọn kì í ṣàdédé kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà, ẹ̀tù lè ti fa omi. Òjò tí ń rọ̀ ní Port Harcourt ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún, afẹ́fẹ́ irú ibi báyìí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀tù gbẹ. Ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé lè dí, nítorí èérí ẹ̀tù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa mú irin dípẹtà. Tàbí kí sípíríǹgì ti rẹ̀, tí irin kò fi lè lù ú dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ oníkátíríjì, ẹ wo ojú kékeré tí ó wà ní ìdí kátíríjì. Bí ojú ìlù náà kò bá jinlẹ̀, ìbọn ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jinlẹ̀ tí kò sì dún, kátíríjì ni: omi tàbí òróró lè ti wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún kì lábẹ́lẹ̀ tún ní àléébù tirẹ̀: bí ojú iná náà kò bá jókòó dé ìdí, ìlù àkọ́kọ́ yóò kàn tì í wọlé ni.

Kátíríjì a máa wú díẹ̀ nígbà tí ó bá dún, a sì tún sún kì. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, kì í sún kì mọ́, yóò sì há. Ti oníbébà a máa wú nítorí omi. Bí ẹyọ kan bá há, ẹ fura sí i; bí gbogbo wọn bá ń há, ẹ wo inú ìbọn bóyá ó dípẹtà. Ní Abu Klea ní Sudan, ní oṣù kìíní ọdún 1885, kátíríjì tí wọ́n fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká há sínú ìbọn Martini-Henry àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lójú ìjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí sí idẹ líle.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ni wọ́n bá ará ilé wá ìbọn oníkátíríjì. Ọmọ ilé tí ń gbé ìdálẹ̀ ni wọ́n, bí àwa.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Bí ìbọn bá kọ̀, ẹ má ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ má sì ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀. Iná lè pẹ́ kí ó tó dé ibi ẹ̀tù. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà, ìṣẹ́jú méjì. Bí ó bá dún wúyẹ́, ẹ má ṣe yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan lè ti há sínú ọ̀pá rẹ̀, ìyìn kejì yóò sì fọ́ ọ, yóò mú ìka tàbí ojú lọ. Ẹ má ṣe fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ yọ èyí tí ó há tí kò tíì dún. Ẹ gbé e fún ọdẹ àgbà tí ó mọ̀ ọ́n.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe kátíríjì nílé ara rẹ̀, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ní ìbọn, títí kan ṣakabùlà, gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìwé tí orúkọ bàbá wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ. Kí ẹ tó gba ìbọn olóògbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí olúkúlùkù lọ ní àlàáfíà, kí ó sì fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà bọ̀ sí Mile 3.