Ọkọ̀ Di Ilé: Ààbò Ẹni Tí Ó Ń Dá Wakọ̀ Rin Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.' Bí ènìyàn bá gbọ́ òwe yìí lóréfèé, yóò rò pé ẹ̀yẹ nìkan ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ààbò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn láti ìlú kan sí èkejì, ẹgbẹ́ ni àwọn oníṣòwò máa ń kó la igbó kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wọn lọ́nà, àwọn kan a sùn, àwọn kan a sì máa ṣọ́ wọn. Lónìí, ọkọ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹnì kan ṣoṣo lè kúrò ní Ìkòtún ní ìdájí, kí ó gbé omi, oúnjẹ àti ibùsùn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kí ó sì sun oorun alẹ́ ọjọ́ náà nínú oko kan tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò ni èyí: iṣẹ́ tí àwọn alábàárìn máa ń ṣe fúnra wọn, ta ni yóò ṣe é fún ẹni tí ó dá wà?

Ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Iṣu, gàrí, èlùbọ́ àti ata tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, orí ọkọ̀ ni wọ́n gbà dé. Ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù kan lè gba títì Abẹ́òkúta jáde, kí ó forí lé Igbó-Ọrà, Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, kí ó sì yà sí ọ̀nà oko tí tírélà kò lè wọ̀. Níbẹ̀ ni yóò sùn sí títí àwọn àgbẹ̀ yóò fi kó ẹrù wá. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe ìwádìí lè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kàn fẹ́ rí òkè àti odò náà lè gbà á. Ohun tí ó lé kálukú jáde yàtọ̀. Ewu tí ó dúró dè wọ́n kò yàtọ̀.

Iṣẹ́ Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Nígbà ayé bọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa máa ń kan pákó sí lára, ó ṣọ̀wọ́n kí awakọ̀ dá jáde. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó gbígbà àti ariwo pípa nìkan ni iṣẹ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ẹ̀yà ara kejì ni ó jẹ́ fún awakọ̀. Òun ni ojú tí ń wo ẹ̀yìn. Òun ni ẹnu tí ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ó má baà sùn, tí ó sì ń béèrè ọ̀nà. Òun ni ọwọ́ tí ń fi igi dí táyà bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, tí ó sì ń wa ẹrẹ̀ bí ọkọ̀ bá rì. Òun náà ni ẹsẹ̀ tí ń sáré lọ pe ènìyàn bí nǹkan bá ṣe. Lóru, orí ẹrù ni ó ń sùn sí. Bí olè bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn awakọ̀ ìgbà náà mọ̀ pé ikú ń bẹ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ Ògún. Wole Soyinka fi ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ àti ikú ojú pópó ṣe eré onítàn The Road, tí ó jáde ní 1965. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bọ Ògún tó, wọn kò torí rẹ̀ fi ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá lọ lónìí ní láti wá ohun tí yóò rọ́pò ojú, ẹnu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọ̀nyí kí ó tó kúrò nílé.

Ẹnu Tí Yóò Sọ Ibi Tí Ó Wà

Ohun àkọ́kọ́ kò náni ní kọ́bọ̀. Kí arìnrìn-àjò kọ ọ̀nà tí yóò gbà, abúlé tí ó fẹ́ sùn sí, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti wákàtí tí yóò padà sínú ìwé kan, kí ó sì fi í sọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é gbọ́kàn lé. Kí àwọn méjèèjì fi àdéhùn sí i: 'Bí o kò bá gbúròó mi títí di aago 8 alẹ́, pe fóònù mi. Bí o kò bá bá mi sọ̀rọ̀ títí di òwúrọ̀, kéde.' Bí awakọ̀ bá yí ọ̀nà padà, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ẹni yìí kí ó tó yà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko ni fóònù kò ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ìgbà tí ó bá ṣì wà ní ìlú ńlá ni kí ó ti ránṣẹ́, kí ó má dúró di ìgbà tí ó bá dé inú igbó.

Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ni 122. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Ó sàn kí nọ́ńbà wọ̀nyí wà nínú ìwé nínú ọkọ̀, nítorí fóònù lè kú.

Àṣà wa tún ní ọgbọ́n kan nípa èyí. Àlejò tí ó bá wọ abúlé, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ka èyí sí ìkíni lásán, ṣùgbọ́n ààbò ni. Bí Baálẹ̀ bá ti mọ̀ pé ẹnì kan wà tí ó fẹ́ sùn sínú ọkọ̀ lẹ́bàá ọjà, àwọn ọdẹ yóò mọ̀, wọn kò sì ní fura sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí, ẹnì kan yóò lọ kàn án.

Ojú Tí Oorun Ń Kùn

Olè àti ẹranko ni àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù jù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n oorun pẹ̀lú jẹ́ apani. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ẹni tí ó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 láìsùn yóò máa ṣe bí ẹni tí ó mutí: ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ́ra, ìpinnu rẹ̀ yóò sì dàrú. Ìdájí, ní nǹkan bí aago 2 sí aago 5, ni oorun ń le jù. Ó tún ń padà wá lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń jẹ obì láti lé e. Òótọ́ ni pé obì lè lé oorun sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè san gbèsè oorun. Ti paraga tilẹ̀ burú jù: ọtí ni, ọtí a sì máa mú oorun wá.

Oorun nìkan ni oògùn oorun. Bí wákàtí 4 bá ti pé lórí ìjókòó, kí awakọ̀ dúró, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó na ara. Bí ojú bá ti ń kún, kí ó wá ibi tí ó láàbò, kí ó sùn fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí ó bá dá wà kò ní ẹni tí yóò gbá a léjìká, nítorí náà kí ó fi ìsinmi sínú ètò ìrìn àjò rẹ̀ láti ilé. Ó sì yẹ kí ó dé ibi ìsùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́sàn-án ni a ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti lè yẹ̀ àti ibi tí omi ń gbà.

Ọwọ́ Tí Yóò Yọ Ọkọ̀ Nínú Ẹrẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé ní ààlà Alímọ̀ṣọ́ àti ìpínlẹ̀ Ògùn mọ bí ọ̀nà pupa ti ń rí nígbà òjò. Bí táyà bá ń yí lójú kan, kòtò ni ó ń gbẹ́. Bí awakọ̀ bá sì ń tẹ iná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa rì. Kí ó dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ iwájú táyà, kí ó sì ti pákó tàbí ẹ̀ka igi sábẹ́ rẹ̀. Nínú iyanrìn, bí a bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, táyà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì lè rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kí ó tó sáré lórí títì. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láé. Bí jáàkì bá yọ̀, kò sí ẹni tí yóò fà á jáde.

Omi tí ń ṣàn kì í ṣe ohun àfojúdi. Bí ó bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó; bí ó bá tó 60, ó lè gbé píkọ́ọ̀pù lọ. Awakọ̀ kò sì lè mọ bóyá ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ omi tí ó pọ́n. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ó dúró kí omi fà, tàbí kí ó yí padà.

Nítorí àwọn ìdádúró wọ̀nyí, omi mímu ní láti ju ohun tí ọjọ́ ìrìn náà gbà lọ. Lítà 4 fún ènìyàn kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù nínú ooru wa. Kí omi ọjọ́ 2 tàbí 3 wà nípamọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò nílò iná, tọ́ọ̀ṣì, àdá, okùn, táyà kejì àti àpótí oògùn.

Ibi Ìsùn Àti Èémí

Ewu tí ó pamọ́ jù ni èyí tí ojú kò rí. Èéfín ẹ́ńjìnnì, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí afẹ́fẹ́ oxygen, tí ń gbé ẹ̀mí ró, ti ń so mọ́ ọn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ lè rò pé ibà tàbí àárẹ̀ ni, kí ó sì tún dùbúlẹ̀. Ìròyìn ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ pa mọ́nú yàrá kì í ṣe tuntun ní Èkó. Inú ọkọ̀ kéré ju yàrá lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Kí ó má ṣe gbé sítóòfù tàbí ìkòkò èédú wọ inú ọkọ̀, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé èédú ti kú, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná rẹ̀ ṣì ń tú èéfín náà jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí ẹnu páìpù èéfín, kí ó tú u kí ó tó tan ọkọ̀. Kí ó ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ó sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí i. Bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ bá a sùn.

Ibi tí ọkọ̀ dúró sí náà ṣe pàtàkì. Etí títì kì í ṣe ibùsùn: ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọlu ọkọ̀ tí ó dúró láìní iná. Ìdí nìyẹn tí àwọn onítírélà fi ní ibùdó bíi ti Ògèrè, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdó tí àwọn awakọ̀ pọ̀ sí, ilé epo tí ó ní ọlọ́dẹ, tàbí ìtòsí àgọ́ ọlọ́pàá sàn ju ibi tí ó dá páropáro lọ. Bí ó bá jẹ́ oko ni, kí ó yan ibi gíga tí ó tẹ́jú, tí kò sí lábẹ́ igi gbígbẹ, tí kò sì sí ní ipa àgbàrá. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi òjò ya wọ ìlú Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì gbé ilé àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà láti Èkó lọ sí òkè Ọya ni Mokwa wà. Bí omi bá lè gbé ilé, kí ni yóò ṣe ọkọ̀? Kí imú ọkọ̀ máa kọjú sí ọ̀nà àbájáde, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà níbi tí ọwọ́ lè bà nínú òkùnkùn.

Àwọn Tí Wọ́n Dá Lọ, Tí Wọ́n Sì Dé

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ Nàìjíríà kò lè dá rin ọ̀nà jíjìn. Ní 1966, Newton Jibunoh dá wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sahara kọjá, láyé tí kò sí fóònù alágbèéká. Ní 2022, Kunle Adeyanju fi alùpùpù rìn láti London dé Èkó ní ọjọ́ 41, láti fi polongo ìgbógun ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Ní 2024, Pelumi Nubi, ọmọbìnrin, dá wa ọkọ̀ Peugeot 107 kékeré láti London. Ó dé Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ọkọ̀ rẹ̀ ní ìjàǹbá ní Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe, ó sì tẹ̀ síwájú.

Nínú ìrìn àjò 2 ìkẹyìn yìí, ẹ̀kọ́ kan hàn gbangba. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé e lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí wọ́n sì mọ ìlú tí ó wà. Ó dá wakọ̀ ni, kò dá wà. Awakọ̀ Ìgàndò kò nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹnì kan tí ó mọ ọ̀nà tí ó gbà, tí ó sì ń wo aago dè é, tó.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ẹ̀kọ́ yìí dé kíláàsì lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ìrìn àjò láti Alímọ̀ṣọ́ dé abúlé kan tí ó mọ̀: ọ̀nà wo, omi mélòó, ibùsùn wo, ta ni yóò gbúròó rẹ̀, nígbà wo? Èyí tí kò bá lè dáhùn nínú ìbéèrè wọ̀nyí ni ibi tí ewu yóò gbà wọlé. Àwọn tí ń dúró de awakọ̀ nílé kò béèrè bí ọ̀nà ti dùn tó. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ìró ọkọ̀ lẹ́nu géètì, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé.