Ohun Tí Odò Kò Lè Jẹ Run

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wí pé odò tí ń ṣàn a máa wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Bí obìnrin bá fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ ní ipadò, ìhó ọṣẹ náà a bá omi lọ, kì í sì í pẹ́ tí a ó fi wá a tì. Kì í ṣe pé omi gbé e pamọ́. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú gbogbo odò láìníye, ni wọ́n jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jẹ ewé tí ó rẹ̀ sómi àti òkú ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà ní ayé òde òní tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò rí jẹ. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń dá wọn mọ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi epo rọ̀bì ṣe gbilẹ̀ ní ìlú àwọn òyìnbó. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1955, ìhó funfun ti bo ojú odò púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ nìyí: ẹyọ èròjà ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn ọ̀rá. Láti ìdí ìrù ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìrù ọṣẹ tuntun yìí sì ya ẹ̀ka bí igi, kòkòrò kò sì rí i jẹ lọ tààrà. Jámánì ṣe òfin lórí ọ̀ràn náà ní ọdún 1961, àwọn aṣọṣẹ sì sọ ìrù náà di títọ́. Ìhó rọlẹ̀.

Báwo ni a ti ń mọ̀ pé kòkòrò jẹ ọṣẹ kan tàbí wọn kò jẹ ẹ́? A ó bu omi láti inú odò, a ó pín in sínú ìgò mélòó kan, a ó sì bu ìwọ̀n díẹ̀ nínú èròjà tí a fẹ́ dán wò sí wọn. A ó gbé àwọn ìgò náà sí ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ooru rẹ̀ kì í yí padà. Lóòrèkóòrè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa bu omi díẹ̀ láti wo iye tí ó kù.

Ṣùgbọ́n ìgò wọ̀nyí nìkan kò tó. Àwọn ìgò mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí a ti pa gbogbo kòkòrò inú wọn, yálà pẹ̀lú ooru tàbí pẹ̀lú májèlé. Èéṣe? Nítorí pé èròjà ọṣẹ a máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò, a máa lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, òmíràn a sì fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá dínkù bákan náà nínú omi òkú àti nínú omi ààyè, a jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò ni ó jẹ ẹ́. A tún gbọ́dọ̀ fi ohun kan tí a mọ̀ pé kòkòrò ń jẹ sínú ìgò mìíràn. Ẹni tí ń sin adìẹ mọ ọgbọ́n yìí: bí adìẹ bá kọ oúnjẹ tuntun, a ó da àgbàdo sílẹ̀ fún un, bí ó bá kọ àgbàdo pẹ̀lú, adìẹ náà ni ara rẹ̀ kò yá, kì í ṣe ẹ̀bi oúnjẹ.

Ọ̀nà tí a ń gbà ka iye tí ó kù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Aró búlúù kan ni àwọn aṣèwádìí ń lò láti ìgbà náà. Aró yìí a máa so mọ́ èròjà ọṣẹ, bí búlúù náà bá sì ti ṣú tó ni ọṣẹ inú omi ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ti gé orí kúrò lára ìrù, aró kò rí ohun tí yóò dì mú mọ́. Olùwò yóò wí pé, “Ọṣẹ ti tán,” bẹ́ẹ̀ ni ìrù ṣì wà nínú omi. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò náà lò pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó jẹun ni í mí. Nínú ìlànà ẹgbẹ́ OECD, èròjà tí ìwọ̀n ọ́síjìn yìí bá fi hàn pé wọ́n ti jẹ tó 60 nínú 100 láàárín ọjọ́ 28 ni a kà sí èyí tí ó rọrùn láti jẹrà.

Ẹ̀tàn yìí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ lórí ọṣẹ ìfọṣọ. Ibi tí ó ti léwu ni ọ̀dọ̀ àwọn èròjà tí a fi fúlúórínì rọ́pò háídrójìn ní ìrù wọn. A ń lò wọ́n nínú ìhó tí a fi ń pa iná epo ní pápákọ̀ òfurufú, lára aṣọ tí omi kì í rin, àti lára bébà tí ọ̀rá kì í gbà kọjá. Ìdè tí ó wà láàárín kábọ́nù àti fúlúórínì le púpọ̀, kòkòrò odò kò sì ní eyín tí ó lè já a. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni PFOS, tí ẹyọ rẹ̀ kan ní fúlúórínì 17. Bí a bá fi í sínú ìgò, iye rẹ̀ nínú omi ààyè kì í yàtọ̀ sí iye rẹ̀ nínú omi òkú, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Àwọn ìbátan rẹ̀ kan tilẹ̀ burú ní ọ̀nà mìíràn. Apá kan lára wọn ṣeé jẹ, apá kejì kò ṣeé jẹ. Kòkòrò a jẹ èyí tí ó rọ̀, èròjà náà a sì pòórá nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n PFOS tàbí PFOA ni ohun tí ó kù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣèwádìí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń wá fúlúórínì tí ó já bọ́ sínú omi. Bí èyí kò bá jáde, ìrù náà wà níbẹ̀, orúkọ yòówù kí ó máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè odò Möhne gba ohun tí wọ́n pè ní èròjà amúlẹ̀ṣọrá, wọ́n sì dà á sí oko. Wọn kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Òjò wọ́ ọ lọ sínú odò. Ní ọdún 2006 ni àwọn aṣèwádìí Yunifásítì Bonn rí PFOA nínú omi mímu ìlú Arnsberg; nígbà tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú náà wò, iye èròjà yìí tí ó wà nínú rẹ̀ ju ìlọ́po 4 ti àwọn tí ń mu omi mìíràn lọ. Ní ọdún 2023 ni àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé PFOA a máa fa àrùn náà fún ènìyàn.

Ilé-iṣẹ́ 3M ti Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2000 pé òun yóò dá ṣíṣe PFOS dúró, àdéhùn Stockholm sì fi ìkáwọ́kò sí i káàkiri ayé ní ọdún 2009. Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nínú omi mímu ní ọdún 2024 jẹ́ gíráàmù 4 péré nínú omi lítà bílíọ̀nù 1. Sísè omi kò mú un kúrò. Bí omi ti ń gbẹ ni ó ń ki sí i. Èédú àkànṣe tí wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́ omi a máa fà á mọ́ra, irú èyí ni wọ́n sì fi sí ilé-iṣẹ́ omi ní ẹ̀bá odò Möhne. Ṣùgbọ́n èédú náà kò jẹ ẹ́ run, ó kàn gbà á mọ́ra ni. Nígbà tí ó bá kún, a ní láti kó o jáde, kí a sì fi iná tí ó gbóná gidigidi sun ún.