Ta Ló Ń Padà Lọ Wọn Igi?

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn. Iye igi tí wọ́n gbìn la sábà máa ń gbọ́. A kì í sábà gbọ́ iye tó ṣì wà láàyè lọ́dún karùn-ún. Àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á wọn abala ilẹ̀ kan nínú igbó, wọ́n á sàmì sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igi kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n á fi tépù yí ara igi po ní mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, wọ́n á sì fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á padà wọn ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ẹni tó kàn bá lọ wọn ìdí igi, á dà bí ẹni pé igi sanra lójijì. Wọ́n á kọ èyí tó kú sílẹ̀, wọ́n á kọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Wọn kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á bu erùpẹ̀ láti ìjìnlẹ̀ kan náà nígbà gbogbo, láti mọ bí ewé jíjẹrà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, bí ásíìdì rẹ̀ ṣe tó, àti bó ṣe ki tó. Àwọn àgbẹ̀ wa ti ní orúkọ fún ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: wọ́n mọ ilẹ̀dú, wọ́n sì mọ ilẹ̀ tó ti ṣá. Ohun tí ìwọ̀n fi kún un ni pé ó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣá lọ nígbà tí ewé ṣì tutù lórí igi.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò iná ní 1929. Abala mẹ́ta ni: wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí iná kò dé ti di igbó. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn. Ìdí ni pé koríko ti gbẹ pátápátá nígbà náà, iná a máa le, igi sì ti ń rú ewé tuntun tí iná yóò jó. Ta ni ì bá rí èyí láàárín ọdún méjì? Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kí a lè fi wé ibi tí a ti gé. Ní 1946, wọ́n ya nǹkan bí hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú igbó ìjọba Omo, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ọdún 1977 tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC, tó fún Festac Town wa lórúkọ, ni UNESCO ka igbó Omo mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá alààyè tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve.

Àwa ará Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò ní igbó ńlá, ṣùgbọ́n a ní igi fúrúùtù lójú pópó, a sì ní àbàtà tí wọ́n ń da iyanrìn dí. Bí igi bá kú lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé iyanrìn ni, àbí omi iyọ̀, àbí àìbomirin? Láìsí àkọsílẹ̀, àròsọ ni ìdáhùn wa yóò jẹ́, a ó sì tún gbin òmíràn síbi tí ti àkọ́kọ́ kú sí. Tépù kan, ìwé kan, àti ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa nígbà tí a bá kó kúrò ládùúgbò: ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.