Nọ́ńbà Mẹ́ta, Orúkọ Kan: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ àti Ààbò Bluetooth Lórí Fóònù Alágbèéká

Ìṣòro ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ nìkan. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìtàn, òǹkàwé lè fi àyíká ọ̀rọ̀ mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú fóònù, níbi tí ẹni tí ó ni fóònù ti ní láti dáhùn 'Bẹ́ẹ̀ ni' tàbí 'Bẹ́ẹ̀ kọ́' lójú ẹsẹ̀, àṣìlóye ọ̀rọ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún olè.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi èyí hàn. Ẹnì kan fẹ́ so fóònù rẹ̀ mọ́ fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípasẹ̀ Bluetooth. Nọ́ńbà oníye mẹ́fà kan yọ lójú fóònù méjèèjì. Ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè ni pé kí àwọn méjèèjì wò ó bóyá nọ́ńbà náà dọ́gba. Bí atúmọ̀ èdè bá wá pe nọ́ńbà yìí ní 'ọ̀rọ̀ aṣínà', ẹni tí ó ń kà á yóò rò pé àṣírí ni. Yóò fi ọwọ́ bo ojú fóònù rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí i, yóò sì tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni'. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó ṣe, èyíinì ni pé kí ó fi nọ́ńbà méjèèjì wéra, ni kò ṣe. Kì í ṣe òpè ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ tí a fún un ni ó ṣì í lọ́nà.

1. Orúkọ ìmọ̀ náà

Kí a tó dé orí nọ́ńbà, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilé-iṣẹ́ Ericsson ní orílẹ̀-èdè Sweden ni iṣẹ́ ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994. Ní ọdún 1997, Jim Kardach, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Intel, dá a lábàá pé kí wọ́n fi orúkọ ọba Denmark kan pè é: Harald, tí àlàjẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Blåtand, ọba ọ̀rúndún kẹwàá tí ìtàn ń ròyìn pé ó so àwọn ará Denmark àti Norway pọ̀ lábẹ́ ìjọba kan. Ní ọdún 1998, Ericsson, IBM, Intel, Nokia àti Toshiba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Àmì tí ó wà lójú fóònù títí di òní jẹ́ ìpapọ̀ lẹ́tà méjì nínú ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ ti àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù, tí ó dúró fún H àti B, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọba náà.

Láti inú àlàyé yìí, ó hàn pé àṣìṣe ni bí atúmọ̀ èdè kan bá pe ohun èlò yìí ní 'Eyín Aláró'. Àlàjẹ́ ènìyàn ni. Kì í ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ. Yorùbá kì í túmọ̀ àlàjẹ́ ọba ìlú mìíràn kí ó tó pè é. Nítorí náà, kí a fi Bluetooth sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì fi agbára sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe.

2. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ìsopọ̀

Ìgbì rédíò ni Bluetooth ń lò, ní agbègbè 2.4 GHz. Ìgbì kì í mọ ogiri yàrá ẹni ní ààlà. Ohun tí fóònù kan ń sọ fún ẹ̀rọ agbóhùnsétí lè dé etí ẹ̀rọ mìíràn tí ó wà ní ìtòsí. Lóòótọ́, Bluetooth àtètèkọ́ṣe pín agbègbè ìgbì náà sí ojú-ọ̀nà 79, ó sì ń fò láti ọ̀kan dé èkejì ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀, fífò yìí kò tó ààbò, nítorí pé ẹni tí ó bá ní irin-iṣẹ́ tí ó yẹ lè máa bá a fò. Ààbò gidi wà nínú kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà di ohun tí ẹlòmíràn kò lè tú.

Níhìn-ín ni a ti ní láti ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ohun kìíní ni ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ méjì fi ń mọ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ohun kejì ni pípàdé wọn lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n kàn ń lo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti ní. Bí a bá pe méjèèjì ní 'ìsopọ̀', a kò ní lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ìdí tí fóònù fi ń béèrè ìbéèrè lónìí tí kò sì béèrè lọ́la.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn fún ohun kìíní ni 'ìmùlẹ̀'. Ó bá a mu ní ọ̀nà púpọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni a ń mulẹ̀, àṣírí wà nínú rẹ̀, ó sì ń so ẹni méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ru ẹrù ẹ̀sìn àti ti awo, ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò sì sá fún bọ́tìnnì tí ó bá ní kí wọ́n mulẹ̀. 'Ìbádọ́rẹ̀ẹ́' ni ó sàn jù. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, a sì lè rí ọ̀rọ̀-ìṣe láti inú rẹ̀ láìsí wàhálà: 'Ṣé kí fóònù yìí bá ẹ̀rọ náà dọ́rẹ̀ẹ́?' Ó tún ń ran ni létí pé a kì í bá gbogbo ẹni tí ó bá kí ni dọ́rẹ̀ẹ́. Kí 'ìsopọ̀' wá dúró fún ìpàdé ojoojúmọ́.

3. Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta

Èkíní ni èyí tí a lè pè ní *nọ́ńbà àṣírí*. Òun ni Bluetooth lò láti ìgbà ẹ̀dà 1.0, ní ọdún 1999. A ń tẹ nọ́ńbà kan náà sínú ẹ̀rọ méjèèjì, inú nọ́ńbà yìí sì ni wọ́n ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó lè gùn tó àmì 16, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní bọ́tìnnì nọ́ńbà kò ní ibi tí a lè tẹ̀ ẹ́ sí. Nítorí náà ni àwọn aṣẹ̀rọ ṣe máa ń fi 0000 tàbí 1234 sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Àṣírí tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Kódà nígbà tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá yan iye mẹ́rin tí ó wù ú, 10,000 péré ni gbogbo àbá tí ó lè wà. Ní ọdún 2005, Yaniv Shaked àti Avishai Wool ti Yunifásítì Tel Aviv fi hàn pé atẹ́tíléko tí ó bá gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ méjì sọ nígbà ìbádọ́rẹ̀ẹ́ lè fi kọ̀ǹpútà dán àwọn àbá wọ̀nyí wò títí yóò fi rí èyí tí ó bá a mu. Kọ̀ǹpútà tí ó ti di àtijọ́ nígbà náà kò lò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan fún nọ́ńbà oníye mẹ́rin.

Èkejì ni *nọ́ńbà àfiwé*, tí ó bá ẹ̀dà 2.1 wọlé ní ọdún 2007. Ìlànà tuntun yìí kò ṣe kọ́kọ́rọ́ láti inú nọ́ńbà mọ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ gbangba àti kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ń fi ti gbangba ránṣẹ́ sí ara wọn, ìṣirò sì ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì dé orí àṣírí kan náà, èyí tí atẹ́tíléko kò lè fi gbígbọ́ nìkan mọ̀. Ewu kan ṣoṣo ni ó kù: alárinà èké lè wọ àárín wọn, kí ó fún fóònù kìíní ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ó fún èkejì ní tirẹ̀ pẹ̀lú, kí olúkúlùkù sì rò pé ọ̀rẹ́ òun ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń ṣe ìṣirò nọ́ńbà oníye mẹ́fà kan láti inú àwọn kọ́kọ́rọ́ gbangba tí wọ́n gbà. Bí alárinà èké bá wà láàárín, nọ́ńbà méjèèjì kò ní dọ́gba. Àǹfààní tí ó ní pé kí wọ́n ṣèèṣì dọ́gba jẹ́ ẹyọ kan nínú 1,000,000. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àṣírí rárá. A lè pariwo rẹ̀ láàárín ọjà. Ojú tí ó wò ó ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí ojú kò bá wò ó, asán ni.

Ẹ̀kẹta ni *nọ́ńbà àtẹ̀wọlé*. A ń lò ó nígbà tí ẹ̀rọ kan bá ní ojú tí ó lè fi nọ́ńbà hàn, tí èkejì sì ní bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà. Àṣírí ni nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n àṣírí ìgbà kan ṣoṣo ni. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ń fi í dán ara wọn wò, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ bá parí, atẹ́tíléko lè ti mọ gbogbo rẹ̀. Kò sí ewu nínú ìyẹn bí a kò bá tún un lò. Ẹ̀rọ tí a bá lẹ nọ́ńbà kan mọ́ lára, tí a ń lò ó títí ayé, ti sọ ààbò yìí nù.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní nọ́ńbà kankan. Ẹ̀rọ agbóhùnsétí tàbí lásifíkà kékeré kò ní ojú, kò sì ní bọ́tìnnì nọ́ńbà. Fóònù kàn ń bá a dọ́rẹ̀ẹ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè fi alárinà èké hàn. *Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ aláìlẹ́rìí* ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí pé àdéhùn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣẹlẹ́rìí sí i.

4. Èéṣe tí 'ọ̀rọ̀ aṣínà' kò fi tó

Bí a bá tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé àléébù rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ ni ó pè é, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ni. Ó ní ó ń ṣínà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta kò ṣí ohunkóhun. Ẹ̀rí ni ó jẹ́. Àléébù kẹta jẹ́ ti àmì ohùn. Bí a kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí ó ti sábà máa ń rí lójú fóònù, kò sí ohun tí ó ya *aṣínà*, ohun tí ó ń ṣí ọ̀nà, sọ́tọ̀ kúrò lára *aṣìnà*, ẹni tí ó ṣi ọ̀nà.

Bákan náà, àwọn kan lè fẹ́ lo 'àrokò' fún ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́kọ́rọ́ yí padà. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àṣà lè ka àrokò. Ọ̀rọ̀ tí Bluetooth fi ránṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ayé ni ó mọ ìlànà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọn kò mọ̀. 'Ìsọdàdììtú' sún mọ́ ọn jù.

5. Ohun tí ẹni tí ó ni fóònù ní láti ṣe

Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá fìdí múlẹ̀, ìtọ́ni fún ìlò kò ní ṣòro láti kọ. Kí ó fi nọ́ńbà àfiwé wéra, kí ó sì kọ̀ bí iye kan ṣoṣo bá yàtọ̀. Kí ó má ṣe sọ nọ́ńbà àtẹ̀wọlé fún ẹni tí ó bá pè é lórí fóònù. Kí ó má ṣe gba ìbéèrè ìbádọ́rẹ̀ẹ́ tí kì í ṣe òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kódà bí orúkọ tí ó mọ̀ bá yọ lójú fóònù. Ẹnikẹ́ni ni ó lè sọ ẹ̀rọ rẹ̀ ní orúkọ tí ó bá wù ú. Kí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ aláìlẹ́rìí má wáyé láàárín èrò. Bí ó bá fẹ́ ta fóònù rẹ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ dá ọkọ̀ tí ó yá padà, kí ó pa ìbádọ́rẹ̀ẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ àti orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lè kù sínú ẹ̀rọ náà. Kí ó sì máa gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fóònù bá fi ránṣẹ́: ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ọ̀tá lè mú kí ẹ̀rọ méjì tí ó ti dọ́rẹ̀ẹ́ dáradára fẹnu kò sí kọ́kọ́rọ́ tí agbára rẹ̀ kò ju báìtì kan lọ, èyí tí àbá rẹ̀ jẹ́ 256 péré. Àtúnṣe nìkan ni ó lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣe ipa tiwọn láti dí ògiri náà láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ fún ojú ènìyàn, ìgbésẹ̀ náà sì dúró lórí gbólóhùn kan tí yóò kà lójú fóònù. Bí gbólóhùn náà bá wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni láti rí i pé kò purọ́ fún un. Ẹni tí ó bá ka 'nọ́ńbà àfiwé' kò nílò olùkọ́ mọ́. Orúkọ náà ti sọ ohun tí yóò ṣe fún un.