Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Òtútù Texas Ọdún 2021 àti Iṣẹ́ Ìkìlọ̀ ní Àwùjọ



1. Ìfáárà

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a bá yẹ òwe yìí wò fínnífínní, a óò rí i pé ohun mẹ́ta ló so pọ̀ níbẹ̀: ìkìlọ̀ tó dé lásìkò, ọgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ, àti ọ̀nà tí yóò fi lo ọgbọ́n náà. Arọ kò lè sáré. Gbogbo ọgbọ́n tó kù fún un kò ju pé kí ó tètè gbéra, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò gbé e. Bí ìkìlọ̀ bá pẹ́ kí ó tó dé, tàbí tí kò bá sí ẹni tí yóò gbé e, ogun yóò bá a nílé.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni láti fi òwe yìí yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ kan wò, èyíinì ni òtútù ńlá tó kọlu ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2021. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òtútù. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ni ìkìlọ̀ jẹ́ kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ìkìlọ̀ kò bá yé, a kò tíì kìlọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi ìlú Houston ní Texas ṣe ilé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àlejò nìkan.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀

Texas kì í ṣe ilẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ òtútù. Ooru ni àwọn ará ibẹ̀ ń bá jà jù lọ láàárín ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, omi dídì tín-ín-rín bo ojú ọ̀nà ní ìlú Fort Worth. Ọkọ̀ tó lé ní 130 kọlu ara wọn, ènìyàn 6 sì kú. Ní ọjọ́ 16, òtútù ní pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Dallas àti Fort Worth dé ìwọ̀n Celsius 19 nísàlẹ̀ òdo. Ṣáájú èyí, ní òru mọ́jú ọjọ́ 15, àwọn tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ti pàṣẹ pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ní àdúgbò kan dé èkejì, nítorí iná tí wọ́n ń rí kò tó èyí tí ìlú ń fẹ́ mọ́. Ó ku ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 5 kí gbogbo ètò iná náà dojú dé pátápátá. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4.5 ni kò ní iná, àwọn mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Páìpù omi bẹ́, omi dáwọ́ dúró. A sì ní kí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 14 máa se omi kí wọ́n tó mu ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní iná tí wọn yóò fi sè é.

Kí ló fà á? Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá ibẹ̀ ń lò. Omi dì nínú kànga gáàsì àti nínú àwọn ẹ̀rọ tí a kò fi aṣọ tàbí ohun amóoru bò. Bí a sì ti ń pa iná ní àdúgbò, a pa á mọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì lọ sí ilé iṣẹ́ amúnáwá lójú. Báyìí ni àìsí iná ń fa àìsí gáàsì, tí àìsí gáàsì náà tún ń fa àìsí iná. Ètò iná Texas kò sì fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, nítorí náà ìrànlọ́wọ́ tó lè ti òde wá kò tó nǹkan.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2011, òtútù ti ṣe irú èyí ní Texas. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná gbé ìròyìn jáde, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí a múra ẹ̀rọ sílẹ̀ de òtútù. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ 2021 ni ìpínlẹ̀ náà tó sọ ọ́ di òfin.

3. Ohun tó pa ènìyàn, àti èdè tí a fi ń sọ ọ́

Ìròyìn tí ẹ̀ka ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé jáde ní ìparí ọdún 2021 ka òkú 246. Òtútù fúnra rẹ̀ pa 161. Àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ tó wá le sí i pa 25. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa 22. Gáàsì olóró carbon monoxide pa 19. Iná tó jó ilé pa 10. Ìṣubú pa 9.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òtútù. Ní èdè Yorùbá, òtútù àti gbígbọ̀n kì í ya ara wọn. Bí ẹnìkan bá ń gbọ̀n, a ó ní òtútù ń mú un. Bí ó bá dẹ́kun gbígbọ̀n, a ó dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti mókun. Níbí ni ewu wà. Bí ooru ara bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ, ara ń gbọ̀n lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu ẹni náà bíi ti ọ̀mùtí, oorun á sì máa kùn ún. Ẹni tó dákẹ́ yìí ni ó wà nínú ewu jù lọ. Kí a gbé e kúrò nínú òtútù, kí a bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, kí a fi aṣọ gbígbẹ bo àyà, ọrùn àti orí rẹ̀, kí a sì tètè pe oníṣègùn. Bí ó bá mọ ara rẹ̀, kí a fún un ní ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí a má ṣe fún un ní ọtí: ọtí a máa mú kí ènìyàn rò pé ara òun ń móoru, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ń lé ooru jáde kúrò lára ni.

Èkejì ni gáàsì olóró. Èéfín ni a máa ń pè é nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́. Àwọn àgbà sì sọ pé èéfín ni ìwà, kì í ṣé é bò mọ́lẹ̀. Nínú òye Yorùbá, èéfín jẹ́ ohun tí ojú ń rí, tí ó ń ta ènìyàn lójú, tí ó sì ń múni wúkọ́. Ṣùgbọ́n carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó ṣọ́ra fún èéfín, tí kò sì rí èéfín, yóò rò pé àlàáfíà wà. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní afẹ́fẹ́ apani tí a kì í rí, títí a ó fi rí orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀rọ amúnáwá, èédú tí ń jó àti ọkọ̀ tí a tan sínú gáréèjì ni ó ti ń jáde. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ilẹ̀ wa níbí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ti pa odindi ìdílé mọ́jú. Nítorí náà, ìta ni kí a gbé e sí, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

4. Àwọ̀n tí a ń dẹ

Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là á dẹ dè é. Fún agboolé kan, kí òtútù tó dé ni kí a ti tọ́jú omi mímu tó tó lítà 4 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 ó kéré tán, oúnjẹ tí a lè jẹ láìdáná, oògùn, iná àtùpà oníbátìrì, rédíò, àti aṣọ ìbora. Kí a mọ ibi tí a ti ń ti omi ilé. Bí òtútù bá ti dé, kí gbogbo ará ilé kó ara wọn jọ sí yàrá kan, kí wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì wọ aṣọ lé aṣọ. Kí a jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa kán tótó kí páìpù má baà bẹ́. Kí a jókòó sílé. Bí yìnyín bá dá ọkọ̀ ẹni dúró lọ́nà, kí a má ṣe jáde máa rìn kiri. Kí a gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù tí ọkọ̀ fi ń tú èéfín kí a tó tan án.

5. Àgbálọgbábọ̀

Gbogbo èyí jẹ́ ọgbọ́n arọ, ó sì pọn dandan. Síbẹ̀, òkú Texas kọ́ wa pé ọgbọ́n ẹnìkan kò tó. Arúgbó tó ń dá gbé, tí ìlera rẹ̀ gbára lé ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, kò lè fi aṣọ ìbora dípò iná. Ẹni tí yóò gbé e ni aládùúgbò tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, àti aláṣẹ tó sọ ìmọ̀ràn di òfin kí òtútù tó dé.

Iṣẹ́ tiwa tí a ń kọ́ni ní èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí a kọ ìkìlọ̀ wọ̀nyí ní Yorùbá tó yéni, kí a kà á fún ìyá arúgbó kan, kí a sì bi í léèrè ohun tó gbọ́. Bí ó bá ṣì ń wá èéfín tí a ń fi ojú rí, kí a padà lọ tún un kọ.